Ìwé Tí Kò Ní Ihò

Táì mẹ́ta ni Tíṣà ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló fi ń jà. Pupa ni. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń mú un kúrò lára ìṣó ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ti dáràn níbì kan, ó sì gbàdúrà lábẹ́nú pé kó má jẹ́ ọkọ òun.

Lẹ́tà kan ló fà á. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ ọ́ sí Tíṣà nípa ọmọbìnrin rẹ̀ tí gbogbo àgbàlá ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ínrín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn. Abẹ́rẹ́ ti ṣe ìdánwò láti wọ ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé. Àyè ogún ló wà níbẹ̀. Igba ọmọ ló ń dù ú. Lẹ́tà náà ò sọ pé ó yege, kò sì sọ pé kò yege. Ohun tó sọ ni pé ìwé ìdánwò rẹ̀ mú ìfura dání, kí òbí rẹ̀ yọjú ní aago mẹ́wàá, kí ọmọ náà sì tẹ̀ lé e.

"Wọ́n fẹ́ gbé àyè ọmọ mi fún ọmọ ọlọ́lá kan ni," Tíṣà wí, bó ṣe ń fún táì mọ́ra. "Wọn ò tíì mọ ẹni tó kọ́ ọ."

Ìyàwó rẹ̀ ti aṣọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alágbàfọ̀ ni, aṣọ oníbàárà sì ti ga dé èjìká rẹ̀ lórí tábìlì. Ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú wọn. Tíṣà jẹ ẹyin tirẹ̀, ó jẹ ti Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú, torí ọmọ náà kàn ń fi ìka yí àwo rẹ̀ po ni, kò ní òun ò jẹun, kò sì jẹun.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jà láìfẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà. Àárín àgbàlá ni Tíṣà gbà. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó ṣàlàyé lẹ́tà náà látòkè délẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ǹṣì káfíńtà àgbà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníbẹ́ǹṣì, ó tún un ṣàlàyé. Ọmọ ọmọ bàbá yìí, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, jọ ṣe ìdánwò kan náà pẹ̀lú Abẹ́rẹ́, inú kíláàsì Tíṣà kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Lẹ́tà kankan ò tíì dé bá Ẹlẹ́rìn-ín. Bàbá béèrè pé kí ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ọmọ náà gan-an.

"Ọ̀rọ̀ igun ni, Bàbá," Tíṣà dá a lóhùn, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Kì í ṣe ti ìṣó àti òòlù."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," Bàbá wí, ó sì padà sídìí pákó tó ń rẹ́.

Onídìrí pariwo tẹ̀ lé wọn pé kí Tíṣà rí i pé ó fìyà jẹ wọ́n dáadáa o. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè láìbojú wẹ̀yìn. Ó ti ń gbádùn ọjọ́ náà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ náà, yàrá tí wọ́n mú wọn wọ̀ ní fèrèsé ńlá mẹ́ta àti tábìlì gígùn kan, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn bíi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn ló jókòó síbẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ka náà. Màdáámù nìkan ni gbogbo wọn ń pè é. Kò gbé ohùn sókè, kò sì dá Tíṣà lẹ́kun. Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tó àkókò tí ẹyin fi ń jinná lórí iná. Tíṣà sọ fún un pé òun gan-an ni olùkọ́ ìṣirò ọmọ náà, pé nílé àti ní kíláàsì, ọwọ́ òun ló ti kọ́ ọ, pé kò sí igun tí èèyàn lè fi kọ́ńpáàsì àti rúlà yà láyé yìí tí ọmọ òun ò mọ̀.

Nígbà tí ẹyin jinná, Màdáámù fa ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, sà."

Tíṣà fọwọ́ pa á. Ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Màdáámù fún un ní ìwé ọmọ mìíràn, ó ní kó fọwọ́ pa ìyẹn náà. Ìyẹn ní kókó kéékèèké lẹ́yìn, ibi tí ẹnu kọ́ńpáàsì ti gún un láti iwájú. Màdáámù ṣàlàyé, jẹ́jẹ́, pé kọ́ńpáàsì kì í fò lófuurufú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì tó lè yí, ibi tó bá sì dúró sí, ó máa ń dá ihò síbẹ̀. Igun ọgọ́ta wà nínú ìwé Abẹ́rẹ́, ó pé pérépéré. Àwọn ìlà títẹ̀ tó yẹ kí kọ́ńpáàsì fi sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n gé ara wọn dáadáa. Ihò nìkan ni kò sí.

Lẹ́yìn náà ló ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ọmọrí agolo ìpara kan jáde, irú ìpara tí kò sí ilé tí kò sí. Ó gbé e lé ìlà títẹ̀ inú ìwé náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju èyí lọ. Wọ́n ti fi ike pẹlẹbẹ tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá, èyí tí wọ́n fi ń ka ìwọ̀n igun, wọn ọgọ́ta síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ìdánwò náà ní kí ẹnikẹ́ni má lò. Wọ́n wá fi ọmọrí agolo fa ìlà títẹ̀ lé e lórí lẹ́yìn náà, kó lè dà bíi pé kọ́ńpáàsì ló bí igun, nígbà tó jẹ́ pé igun ti dàgbà kí kọ́ńpáàsì tó gbọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ní gbólóhùn tirẹ̀ tí gbogbo kíláàsì mọ̀ lórí: "Àmì ni ẹni tó ń máàkì ń wá, ẹ fún un ní àmì." Tíṣà ló ni gbólóhùn náà. Ó tiẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́ tán.

Ṣùgbọ́n Màdáámù ò tíì ṣe tán. Ó fa ìwé mìíràn sún mọ́ra, ó gbé ọmọrí náà lé e. Ó bá a mu. Òmíràn. Ó bá a mu. Mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Tíṣà ò nílò kó ka orúkọ wọn. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn bí èèyàn ṣe ń mọ ẹsẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìkẹta jẹ́ ti Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá," Màdáámù wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wọn?"

Ìgbà yẹn ni Tíṣà sọ ohun tí Abẹ́rẹ́ ò ní gbàgbé. Ó ní bó ṣe yẹ ni òun kọ́ wọn. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kì í fẹ́ ṣe wàhálà, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n máa ń wá, èèyàn á kọ́ wọn títí ọ̀fun á gbẹ. Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì mi orí, bíi bàbá tí ọ̀rọ̀ ń dùn.

Màdáámù ti kọ́ńpáàsì kan sí i lórí tábìlì, pẹ̀lú ìwé funfun. Ó ní kó jọ̀ọ́ bá àwọn ya ọgọ́ta kan, kí ọmọ lè rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Tíṣà mú kọ́ńpáàsì náà. Ó là á, ó pa á dé, ó tún là á. Ó gbé e sókè wò lójú ìmọ́lẹ̀. Ó wá sọ pé ó mà ṣe o, òun gbàgbé awò òun sílé. Awò náà wà ní àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, apá rẹ̀ kan yọ síta bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó yọ nínú agbọ̀n. Màdáámù rí i. Abẹ́rẹ́ rí i. Akọ̀wé tó ń to fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà rí i, ó sì kọjú sí fáìlì bí ẹni pé wúrà wà nínú rẹ̀.

"Kò burú," Màdáámù wí. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ó ní kí ọmọ náà padà wá ní aago mẹ́rin, kó ya ọgọ́ta lójú òun, kó sì pín in sí méjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà, àyè rẹ̀ wà. Bí kò bá gbà, ẹlòmíràn ni yóò gbà á.

Wọ́n rìn délé. Táì pupa náà ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ọ̀sán, Tíṣà ti ilẹ̀kùn pa. Ó mú kọ́ńpáàsì tirẹ̀ wá, èyí tó ti wà lórí pẹpẹ ìwé tipẹ́, tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Ó já ọ̀rá náà. Ó ṣí ìwé ìṣirò. Ìwé náà ní kí òǹkàwé wo àwòrán keje, àwòrán keje sì rí bí ilé aláǹtakùn. Ó gún ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí ìdí ìlà, ó yí i. Ó là á sí i, ó gún un síbòmíràn, ó yí i. Àwọn ìlà títẹ̀ méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn bí orogún. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá Abẹ́rẹ́ wí pé kì í fọkàn sí nǹkan, pé bí ó ti ń mí sí ìwé náà ni kò jẹ́ kó gún.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ lẹ́bàá ògiri. Àyọnu ń lọ, ó ń bọ̀.

"Bàbá Oníbẹ́ǹṣì wà níta," ó wí.

Tíṣà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ tún un sọ. Tíṣà wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ohun tó ń sọ ni pé kí káfíńtà, tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri, wá kọ́ òun ní ìṣirò nínú ilé òun.

"Mi ò sọ pé kó kọ́ yín. Ọmọ ni mo sọ."

"Kí àgbàlá máa fi mí ṣẹ̀sín?"

"Ẹ̀sín ti dé, Bàbá Abẹ́rẹ́. Ibi tó máa sùn ló ń wá." Ó yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan padà, ó tẹ àyọnu mọ́ ọn. "Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ ọ́ fọ́mọ?"

Ìjà tó tẹ̀ lé e kò ní ariwo nínú, torí ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi jà á. Tíṣà ní kò sí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ìwé mọ́ nínú ilé yìí. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ìwé wo. Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú, Abẹ́rẹ́ ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti jáde.

Láti ojú fèrèsé, Tíṣà rí i tó kúnlẹ̀ kí Bàbá Oníbẹ́ǹṣì. Kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mú ìṣó, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti pẹ́ńsù, ó fi okùn so méjèèjì pọ̀ bíi kọ́ńpáàsì, ó sì fa pákó kan sórí bẹ́ǹṣì. Ohùn bàbá lọ sókè díẹ̀, bí ti àwọn tí ayùn ti di etí wọn.

"Wò ó. Ìlà rẹ rèé. Gún un síhìn-ín, kí o yí i. Ó ti gé ìlà rẹ níbí, àbí? Gún un síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n má tú okùn gùn sí i o, má sì ká a kúrú. Bó ṣe wà ni kó ṣe wà. Yí i kó gé ti àkọ́kọ́. Fa ìlà láti ihò àkọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ó parí." Bàbá fi ìka tọ́ apá mẹ́ta àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ ìyá mẹ́ta tó ga bákan náà. Kò sí èyí tó lè fọwọ́ lalẹ̀ fún èkejì. Ọgọ́ta, ọgọ́ta, ọgọ́ta."

Ìyẹn nìkan ni. Tíṣà, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, rí i pé ẹnu rẹ̀ ti là. Ohun tó ti ń bá a jà láti ìgbà tó ti di ẹni tó ń wọ táì kò ju kí èèyàn má ṣe fọwọ́ kan bí kọ́ńpáàsì ṣe là lọ.

Ó gbọ́ tí Abẹ́rẹ́ náà gbé ohùn sókè béèrè ìdí tí Bàbá ò fi fi èyí han Ẹlẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ fi hàn án. Ó ní Tíṣà ní ọ̀nà àwọn tí kò kàwé ni." Bàbá fẹ́ ìyẹ̀fun pákó kúrò. "Mo bá dákẹ́. Ẹni tó mọ̀wé ló mọ̀wé. Ó yá, jẹ́ ká pín in sí méjì."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n padà dé iwájú Màdáámù. Abẹ́rẹ́ ò pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó gún un, ó yí i, ó gbé e, ó gún un, ó yí i. Ó pín in sí méjì, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Màdáámù ò tiẹ̀ wo iwájú ìwé náà pẹ́. Ó yí i padà, ó fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́sàn-án yìí?"

Abẹ́rẹ́ wo bàbá rẹ̀. Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀. Akọ̀wé ti dá fáìlì títò dúró.

"Bàbá mi ni, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Màdáámù wí.

Ó tó kí ilẹ̀ lanu níbẹ̀ kó gbé e mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

"A dúpẹ́," Tíṣà wí.

Màdáámù wá fún un ní ìwé pélébé kan. Orúkọ àwọn mẹ́wàá yòókù ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe ojúsàájú. Ohun tí òun ṣe fún ọ̀kan, òun gbọ́dọ̀ ṣe é fún gbogbo wọn. Kí wọ́n wá lọ́la, kí aago mẹ́rin tó lù. Òun ò ní ẹni tí òun lè rán sí wọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ṣáà nìyí, yóò bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Ẹni tí kò bá yọjú, òun á fa orúkọ rẹ̀ yọ. Tíṣà ká ìwé náà, ó fi í sápò àyà, sẹ́yìn awò.

Àgbàlá ti gbọ́ kí wọ́n tó wọlé. Onídìrí hó yèè, ó ní ṣé òun ò wí, òun mọ̀ pé Tíṣà á dójú tì wọ́n. Obìnrin tó jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ wá máa kọ́ ọmọ tòun náà. Tíṣà ò dúró ṣàlàyé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i tó gba àgbàlá kọjá bí ẹni tí òjò ń lé.

Bàbá Oníbẹ́ǹṣì ló dá a dúró. Inú bàbá dùn débi pé kò mẹ́nu kan iṣẹ́ ọ̀sán rárá. Ó kàn béèrè, lóhùn jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n sọ nǹkan kan nípa Ẹlẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní wọ́n ṣì ń yẹ ìwé wò.

"Kò séwu," Bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣáà kọ́ ọ. Ọkàn mi balẹ̀."

Nínú ilé, ìyàwó Tíṣà ti pọn omi sínú ọpọ́n. Ọṣẹ ti hó. Abẹ́rẹ́, tó ti ṣáájú wọlé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó, kò sì sọ ohun tó ti bá ìyá rẹ̀ sọ.

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kí n fọ̀ ọ́."

Tíṣà ní kò tíì dọ̀tí. Ìyàwó rẹ̀ ní òun rí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Ó tú táì, ó fi kọ́ ìṣó. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó nà án sí i. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ obìnrin yìí: kò sí aṣọ tí kì í tú àpò rẹ̀ wò kó tó rì í sómi, àyàfi ti ọkọ rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀, ọkọ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń tú u. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sókè ọpọ́n, ó dúró.

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀?"

Èèyàn lè sọ pé kò sí. Omi náà gbóná, yíǹkì kì í sì í pẹ́ nínú omi gbígbóná. Orúkọ mẹ́wàá á di omi aró, ọ̀la á kọjá, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀, àfi àwọn mẹ́ta tó wà nínú yàrá náà.

Ìhó ọṣẹ ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà na ọwọ́, ó yọ awò, ó yọ ìwé náà.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ jáde, ọkùnrin tí àgbàlá ò rí apá rẹ̀ rí. Ẹlẹ́rìn-ín ti dé, ó ń gbálẹ̀ ìdí bẹ́ǹṣì. Tíṣà na ìwé náà sí i. Ọmọ náà kà á, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó béèrè ohun tí àwọn ṣe.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan," Tíṣà wí. Ó gbìyànjú láti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tíṣà ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọlẹ̀. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Òòyà onídìrí dúró sínú irun.

Abẹ́rẹ́ ti gba ìwé náà, ó ti ń sáré lọ pe àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Bàbá Oníbẹ́ǹṣì wo Tíṣà, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó yí ojú kúrò lára ìkejì. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò lójú ibi tó ṣófo, ó tẹ́ ìwé funfun kan síbẹ̀, ó sì gbé kọ́ńpáàsì Ẹlẹ́rìn-ín lé e.

Tíṣà jókòó. Ó fa ìlà. Ó gún ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó yí i, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Bàbá Oníbẹ́ǹṣì yí ìwé náà padà, ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ihò wà níbẹ̀," ó wí. "Ó ku kó wà níbi tó yẹ."